Bẹ́ríìnì ń há lórí réèlì gantry: báwo ni kí n ṣe to réèlì méjèèjì kí wọ́n lè bára mu?

Agbẹ́gi_CNC:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń fi ọwọ́ ara mi kan ẹ̀rọ CNC router kan, ìyẹn ẹ̀rọ ìgégi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí n ó máa fi gé pákó, tí n ó sì máa fi gé alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti dúró, réèlì méjì tí gantry, ìyẹn afárá tó ń gbé ọ̀bẹ kọjá lókè iṣẹ́, ń gùn lọ síwá-sẹ́yìn sì ti wà ní ipò wọn. Orí gantry fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ní kòtò gbọọrọ lára ni mo lò, ó nípọn ní 80 mm, ó ga ní 160 mm, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 1000 mm. Réèlì HGR20 méjì, irú onígun mẹ́rin, ni mo dè mọ́ iwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú kòtò òkè pátápátá, èkejì nínú ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí àárín wọn sì jẹ́ 120 mm. Bẹ́ríìnì HGH20CA mẹ́rin, méjì lórí réèlì kọ̀ọ̀kan, ni yóò gbé pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù 15 mm tí Z, ìyẹn apá tó ń gbé ọ̀bẹ lọ sókè àti sísàlẹ̀, máa dúró lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí bẹ́ríìnì kan bá dá wà lórí réèlì, ìka kan péré ni mo fi ń tì í láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti de pẹlẹbẹ náà mọ́ bẹ́ríìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò rìn dáadáa lápá òsì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bó bá dé àárín, nígbà tó bá sì fi máa dé apá ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì ni mo ń fi tì í. Bí mo bá tú bóòtù bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀ méjèèjì díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún máa lọ geere.

Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi gé ojú ọ̀pá náà kó tẹ́jú. Báwo ni kí n ṣe to réèlì wọ̀nyí láìsí ojú tí a fi ẹ̀rọ gé? Ṣé ó sàn kí n gbé réèlì kan sórí gantry kí n sì gbé èkejì sábẹ́ rẹ̀ dípò iwájú? Ẹnì kan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pààrọ̀ wọn sí SBR20 olóbìírí, pé ìyẹn kì í yọni lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ojú_Ìwọ̀n:

Ẹ kú iṣẹ́ àṣekára. Bó bá jẹ́ pé títú bóòtù ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ geere, bẹ́ríìnì yín kò ṣe ohunkóhun. Réèlì méjèèjì ni kò fẹnu kò. Ọ̀nà méjì ni èyí sì lè gbà ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àárín wọn fẹ̀ níbì kan, ó sì fún níbòmíràn. Ó tún lè jẹ́ pé ojú wọn kò sí lórí ìtẹ́jú kan náà, tí ọ̀kan fi yọ síwájú ju èkejì lọ bí wọ́n ṣe ń lọ sí ìpẹ̀kun. Ohun tó ń wo ọ̀kan sàn kò ní wo èkejì, nítorí náà ẹ má tíì fọwọ́ kan bóòtù réèlì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ wo gígùn bóòtù tí ẹ fi de pẹlẹbẹ náà. Ihò tó wà lórí HGH20CA jẹ́ M5, kò sì jìn ju 6 mm lọ. Bí pẹlẹbẹ bá jẹ́ 15 mm tí bóòtù sì jẹ́ 20 mm, 5 mm ni yóò wọlé, ìyẹn dára. Bí bóòtù bá jẹ́ 25 mm, imú rẹ̀ yóò kan ìdí ihò kí orí rẹ̀ tó di pẹlẹbẹ mú. Ọwọ́ yín á sọ fún yín pé ó ti le, bẹ́ẹ̀ ni pẹlẹbẹ kò tíì dè, ara bẹ́ríìnì gan-an ni ẹ sì ń fi bóòtù tì láti inú. Bẹ́ríìnì tí a bá ṣe báyẹn sí á máa há kódà lórí réèlì tó gún régé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú bóòtù bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀ méjèèjì títí tí wọn yóò fi lè mì díẹ̀ lábẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ wá rọra ti pẹlẹbẹ náà láti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá rí i pé bẹ́ríìnì ń sún sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́yìn pẹlẹbẹ, tí kò sì sí àlàfo láàárín wọn, fífẹ̀ àti fífún ni ẹ ń bá jà. Bí àlàfo bá yọ láàárín ojú bẹ́ríìnì àti ẹ̀yìn pẹlẹbẹ, tí ewé irin tí a fi ń wọn àlàfo lè wọ ibẹ̀, ìtẹ́jú ni kò bára mu. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní òsì, ní àárín àti ní ọ̀tún.

Ní ti títò réèlì fúnra rẹ̀, ẹ má retí pé réèlì gígùn yóò dá gún. Bí ẹní ṣe ń tẹ̀lé ilẹ̀ tí a tẹ́ ẹ sí ni réèlì ṣe ń tẹ̀lé ohun tí a dè é mọ́. Ihò ara HGR20 jẹ́ 6 mm, bóòtù M5 ló sì ń gba ibẹ̀ wọlé, nítorí náà réèlì lè sún ní ìdajì mìlímítà sí ọ̀tún tàbí sí òsì kí bóòtù tó dá a dúró. Inú ìdajì mìlímítà yìí ni a ti ń rí àyè to réèlì. Inú rẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń wá bí a bá kàn de bóòtù láìwọn nǹkan kan.

Ẹ yan réèlì kan ṣe olórí. Ti ìsàlẹ̀ ni èmi yóò yàn, nítorí òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀bẹ jù. Ẹ de irin gígùn kan tó gún régé mọ́ ojú gantry lẹ́gbẹ̀ẹ́ réèlì náà, láìjẹ́ kó fara kàn án, kí ẹ sì gbé dial indicator, ìyẹn aago ìwọ̀n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, sórí bẹ́ríìnì kan kí ẹnu rẹ̀ máa fara kan ẹ̀gbẹ́ irin gígùn yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yí irin náà títí tí aago yóò fi ka iye kan náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Lẹ́yìn náà ẹ máa ti bẹ́ríìnì lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ sún réèlì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa de bóòtù kọ̀ọ̀kan nígbà tí abẹ́rẹ́ bá padà sí iye yẹn. Láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun. Bóòtù M5 tó wọ inú alumíníọ̀mù kò fẹ́ ju nǹkan bí 4 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù) lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú irin ó lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Gbogbo ihò ni kí ẹ sì fi bóòtù sí. Mo mọ̀ pé ihò kan sí èkejì jẹ́ 60 mm, pé ó sì wu èèyàn láti máa fo ọ̀kan dá ọ̀kan sí, ṣùgbọ́n ibi tí a bá fò yẹn ni réèlì yóò ti máa mí lábẹ́ iṣẹ́.

Réèlì kejì kò nílò irin gígùn mọ́. Ẹ jẹ́ kí bóòtù rẹ̀ kàn fara kàn án, kí ẹ de pẹlẹbẹ mọ́ bẹ́ríìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gírígírí, kí ẹ wá ti pẹlẹbẹ lọ sí ìpẹ̀kun kan, kí ẹ de bóòtù tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀; ẹ ti í lọ sí ìpẹ̀kun kejì, ẹ ṣe bákan náà; lẹ́yìn náà kí ẹ máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa de bóòtù tí pẹlẹbẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Báyìí ni réèlì kejì yóò ṣe gba ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́. Fífẹ̀ àti fífún nìkan ni ọgbọ́n yìí ń tún ṣe o. Kò lè tọ́ ìtẹ́jú tó lọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ bẹ́ríìnì kúrò lórí réèlì fún ìdí kankan, ẹ fi réèlì oníke kékeré tó bá a wá gbà á. Nínú àwọn bẹ́ríìnì olówó pọ́ọ́kú, àwọn ọmọ irin róbótó inú wọn máa ń dà sílẹ̀ gbogbo ni.

Àgbẹ̀dẹ_Tuntun:

Ọ̀gá Ojú_Ìwọ̀n ti sọ̀rọ̀ lórí títò. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè méjì tó kù.

Ẹni tó ní kí ẹ lọ sí SBR20 kò parọ́ pé kì í yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá róbótó ni réèlì rẹ̀, bẹ́ríìnì rẹ̀ sì là sílẹ̀ nísàlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ alumíníọ̀mù tó gbé ọ̀pá náà ró, nítorí náà ó lè yí díẹ̀ lórí ọ̀pá yẹn láìhá. Ìyípadà kékeré yẹn kan náà ni yóò máa fara hàn létí pákó bí ìlà wínníwínní nígbà tí ọ̀bẹ bá ń gé. HGR yín ń kígbe pé nǹkan kan kò tọ́. SBR yóò gba àìtọ́ náà mọ́ra, yóò sì gbé e lé iṣẹ́ yín lórí. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ipò réèlì, ìṣirò kékeré kan á là á yé wa. Ká ní ẹnu ọ̀bẹ wà ní 180 mm nísàlẹ̀ réèlì ìsàlẹ̀, tí agbára tó ń tì í sẹ́yìn sì jẹ́ 100 N (Newton). Pẹ̀lú àlàfo 120 mm láàárín réèlì, bẹ́ríìnì òkè yóò gba 150 N, ti ìsàlẹ̀ yóò sì gba 250 N. Bí bẹ́ríìnì òkè bá yẹ̀ ní 0.01 mm péré, ẹnu ọ̀bẹ á yẹ̀ ní 0.015 mm. Ẹ rí i pé àlàfo réèlì àti bí ọ̀bẹ ṣe jìn sísàlẹ̀ ni wọ́n jọ ń pinnu ọ̀rọ̀ náà. Irú réèlì tí a rà kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Bí ẹ bá gbé réèlì kan sókè tí ẹ gbé èkejì sábẹ́, àlàfo wọn á pọ̀ díẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ yín á di onígun tó gbá gantry mú lókè àti nísàlẹ̀, oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí nǹkan ti lè tẹ̀. Réèlì orí gantry á tún máa gba eruku pákó tààrà. Fún ọ̀pá tó ga tó 160 mm, iwájú ni èmi fara mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà le sí i, ẹ dín bí Z ṣe ń nà sísàlẹ̀ kù, tàbí kí ẹ dín gígùn gantry kù, nítorí bí gígùn bá di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àtè lẹ réèlì irin mọ́ alumíníọ̀mù. Fún mítà kan, alumíníọ̀mù ń gùn sí i ní nǹkan bí 0.023 mm fún ìgbóná ìwọ̀n Celsius kan, irin ń gùn ní nǹkan bí 0.012 mm. Bí yàrá bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 10, ìyàtọ̀ wọn á ti lé ní 0.1 mm, gbogbo rẹ̀ á sì fẹ́ tẹ̀ kọdọrọ.

Agbẹ́gi_CNC:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Bóòtù mi jẹ́ 20 mm, ìyẹn kò ní wàhálà. Mo ti ṣe ìdánwò náà. Lápá òsì, ewé 0.03 mm kò wọ ibì kankan. Láàárín, ewé 0.08 mm wọ àlàfo láàárín pẹlẹbẹ àti bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀. Lápá ọ̀tún, 0.15 mm wọlé láìfipá. Bẹ́ríìnì kò sún sókè tàbí sísàlẹ̀ tó ohun tí ojú lè rí. Ṣé kí n kúkú to irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ réèlì ìsàlẹ̀ ni, àbí kí n da epoxy, ìyẹn àtè olómi tó máa ń dì le, sójú gantry kó lè tẹ́jú bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe?

Pákó_àti_Irin:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àlàfo tó ń pọ̀ sí i déédéé láti òsì dé ọ̀tún, gantry tó lọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò sì tíì mọ̀ ni bóyá bí ọ̀pá náà ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì tí ẹ dè é mọ́ ló ń fún un lọ́rùn. Bí réèlì ìpìlẹ̀ tó wà lọ́tùn-ún bá ga díẹ̀ níwájú ju bó ṣe ga lẹ́yìn, tí ti òsì kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á rọ̀ sẹ́yìn, gantry á sì bá a lọ.

Ẹ tú gbogbo bóòtù tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ gantry, kí wọ́n kàn dì í mú lásán, kí ẹ tún àlàfo wọ̀n. Bí iye kò bá yí padà, ọ̀pá ló lọ́. Bó bá dín kù, ẹsẹ̀ ni. Kí ẹ tó tún un dè, ẹ ti gantry láti iwájú ìpìlẹ̀ dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níbi mélòó kan. Bí àlàfo náà bá ń yí padà bí gantry ṣe ń rìn, ìpìlẹ̀ gan-an ló lọ́, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe lórí gantry tí yóò tán an.

Epoxy dára lórí gantry onírin tí a jó pọ̀, nítorí iná máa ń tẹ irin. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀pá yín ní kòtò gbọọrọ, epoxy á ṣàn sínú wọn àfi bí ẹ bá dí wọn pátápátá, ẹ ó sì tún wá lu ihò tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ lo èyí tó ṣàn bí omi tí kì í tètè dì, kó fi ọ̀nà tóóró kan so ojú réèlì méjèèjì pọ̀ kí epoxy lè wà ní ìpele kan náà níhà méjèèjì, kó sì jẹ́ kí ibi tó dà á sí fẹ̀ ju réèlì lọ dáadáa, nítorí epoxy máa ń gun etí ohun tó bá yí i ká. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lórí ìtìlẹ́yìn méjì, nǹkan bí 220 mm sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pá 1000 mm, kó má baà tẹ̀ láàárín nígbà tí epoxy bá ń dì. Iṣẹ́ ńlá ni fún àlàfo 0.15 mm.

Agbẹ́gi_CNC:

Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́. Nígbà tí mo tú ẹsẹ̀ ọ̀tún, àlàfo ọ̀tún já sí 0.05 mm, ti àárín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó 0.03 mm. Mo ti gantry dé iwájú àti ẹ̀yìn, iye náà kò yí padà. Báwo ni kí n ṣe èyí tó kù?

Ojú_Ìwọ̀n:

Ó dára bẹ́ẹ̀, ìpìlẹ̀ yín kò ní ẹ̀bi. Bí ẹsẹ̀ náà ṣe wà ní títú yẹn gan-an ni kí ẹ ti dè é padà, láìfi ipá fà á sí ibì kankan. Bí ihò rẹ̀ kò bá gbà á láyè, ẹ fẹ ihò náà díẹ̀. Ẹ tún àlàfo wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, torí bóòtù lè fà á padà.

0.05 mm tó kù yẹn, ẹ lè fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe sábẹ́ bóòtù nìkan, nítorí réèlì á di afárá láàárín ibi méjì tí a gbé e lé. Ẹ gé e gbọọrọ kó fẹ̀ tó réèlì. Níbi tí àlàfo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ni kí ẹ ti tẹ́ èyí tó jẹ́ 0.02 mm lọ títí dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ fi 0.03 mm lé e lórí ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹ ó tú réèlì ìsàlẹ̀ kí ẹ tó lè ṣe èyí, nítorí náà ẹ tún gbogbo títò réèlì bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe sọ lókè, ti ìsàlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ti òkè lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ má fi ara yín ṣẹ̀sín láti wá òdo: fún irú bẹ́ríìnì yìí, bí réèlì méjèèjì bá bára wọn mu tó nǹkan bí 0.02 mm, ó ti tó.

Epo tó wà lórí réèlì tuntun, èyí tí kì í jẹ́ kó dípẹtà lásán ni. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ fi gíríìsì lithium sínú bẹ́ríìnì kọ̀ọ̀kan láti ihò rẹ̀ títí tí yóò fi yọ díẹ̀ létí rọ́bà, kí ẹ máa tì í lọ tì í bọ̀ bí ẹ ti ń fi sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó so skúrù ìwakọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi òṣùwọ̀n onísípíríńgì kọ́ pẹlẹbẹ náà, kí ẹ sì rọra fà á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Yóò wúwo díẹ̀ ju ti bẹ́ríìnì kan ṣoṣo lọ, torí rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á, ìyẹn kò burú. Ibi tí iye bá ti fò sókè lójijì ni kí ẹ ti tú bóòtù réèlì òkè méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún wọn dè. Bí òṣùwọ̀n bá ti ka iye kan náà láti òsì dé ọ̀tún, ẹ lè gbé Z lé e.